Igi Àgbàlá Wa àti Ìjì Òjò

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí abala ìdílé ní ọ̀sẹ̀ yìí lè má jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá lójú ẹlòmíràn, nítorí ọ̀rọ̀ igi ni. Ṣùgbọ́n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé kan ní Ìbéṣè níhìn-ín, láti etí ọ̀sà títí dé ọ̀nà Ìkòròdú, tí kò ní igi kan ó kéré tán nínú àgbàlá rẹ̀. Bí kì í bá ṣe máńgòrò, a jẹ́ àgbọn. Bí kì í bá ṣe àgbọn, a jẹ́ fúrúùtù tàbí kaṣú, tàbí ọ̀pẹ tí ó ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀. Abẹ́ igi wọ̀nyí ni à ń sá sí nígbà tí oòrùn bá mú; abẹ́ wọn ni àwọn ọmọ ti ń ṣeré, tí àwọn ìyá wa ti ń yan ẹja, tí àlejò ti ń jókòó gba atẹ́gùn. Gbogbo wa ni a máa ń gbé ojú sókè wo èso wọn. Àwọn tí ó ń tẹrí ba wo ìdí wọn kò pọ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, ìgbà òtútù ni àwọn onílé ń bẹ̀rù ìjì tí ń wó igi lu ilé, nítorí náà ni wọ́n fi máa ń yẹ igi wọn wò kí òtútù tó dé. Àwa kò ní ìgbà òtútù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a ní ìgbà ìjì tiwa. Ìgbà méjì ni ó máa ń jà jùlọ láàrin ọdún: nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀, láti oṣù Máàṣì dé oṣù Méè, àti nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ní nǹkan bí oṣù Ọ̀któbà. Nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ dúró de àkókò rẹ̀. Ní oṣù Fẹ́búárì ọdún 2012, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń retí ọ̀gbẹlẹ̀, ìjì kan jà ní Èkó tí ó wó igi, tí ó sì ṣí òrùlé.

Ẹni tí ó bá ti gbé etí ọ̀sà mọ ìṣe ìjì yìí. Ọ̀sán yóò móoru gidigidi, ewé kan kò sì ní mì. Ojú ọ̀run yóò ṣú dúdú ní ìlà-oòrùn, ní apá Ẹ̀pẹ́. Lẹ́hìn náà ni ẹ̀fúùfù yóò dé pẹ̀lú eruku, kí òjò tó tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ kí a ṣe àkíyèsí ohun kan níhìn-ín. Atẹ́gùn tí ń fẹ́ sí wa lójoojúmọ́, láti ojú òkun àti ọ̀sà ni ó ti ń wá, láàrin gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn. Igi a máa mọ atẹ́gùn tí ó bá dàgbà; a máa ta gbòǹgbò, a sì máa mú ara rẹ̀ nípọn ní ọ̀nà tí yóò fi lè kojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà-oòrùn ni ìjì ńlá ti ń wá. Ó ń bá igi láti ẹ̀hìn, bí olè tí ó gba ẹ̀hìnkùlé wọlé. Nítorí náà, bí ìjì tilẹ̀ lè yí kiri, igi tí ó wà ní ìlà-oòrùn ilé ni ó yẹ kí onílé kọ́kọ́ lọ wò, nítorí bí ó bá wó, orí òrùlé ni ó ṣeé ṣe jùlọ kí ó wó sí.

Ẹ̀wẹ̀, bí eré ẹ̀fúùfù bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ó fi ń ti igi yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Bí eré náà bá di ìlọ́po mẹ́ta, agbára rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Nítorí èyí, pé igi kan ti dúró fún ogójì ọdún kì í ṣe ẹ̀rí pé yóò dúró ní alẹ́ ọjọ́ kan.

Àwọn àgbà a máa wí pé àràbà kò wó mọ́, ojú ti ìrókò. Òwe náà dára fún ẹni tí àwọn ọ̀tá ń retí ìṣubú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé e lé igi gan-an yóò tan ara rẹ̀ jẹ, nítorí àràbà ń wó. Ní àárín ìlú Freetown, ní ilẹ̀ Sàró, àràbà kan wà tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri. Ìtàn ibẹ̀ sọ pé abẹ́ rẹ̀ ni àwọn tí a ti dá sílẹ̀ lóko ẹrú, tí wọ́n ti Nova Scotia dé ní ọdún 1792, ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tí a mú ọmọdékùnrin ará Òṣogùn nì, Àjàyí, tí a wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, dé Freetown ní ọdún 1822, igi náà ti wà níbẹ̀. Láti ìlú tí igi náà ń ṣíji bò ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa tí ó mú ìwé àti ìhìnrere wá sí Èkó àti Abẹ́òkúta ti gbéra. Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Méè ọdún 2023, ìjì òjò kan dé, ó sì dá igi náà lulẹ̀. Kùkùté rẹ̀ nìkan ni ó kù.

Ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí ní ilẹ̀ tiwa. Gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni ó mọ̀ pé Àgbádárìgì ni a ti kọ́kọ́ wàásù ìhìnrere ní ilẹ̀ yìí ní ọdún 1842, nígbà tí Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, tí Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. sì tẹ̀lé e ní oṣù Dìsẹ́ńbà. Abẹ́ igi Agia ni a ti ṣe ìwàásù náà. Igi náà rí ìran dé ìran, ó rí àwọn ìjọ tí ó jáde láti ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 20 oṣù Júùnù ọdún 1959, ìjì hú u. Òkúta ìrántí ni ó wà níbẹ̀ nísinsin yìí. Bí Ọlọ́run kò bá yọ igi tí a ti kọ́kọ́ wàásù orúkọ Rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kúrò nínú òfin tí ó fi lélẹ̀ fún igi àti ẹ̀fúùfù, a kò gbọdọ̀ rò pé yóò yọ máńgòrò ẹ̀hìnkùlé wa sílẹ̀.

Kí ni ó máa ń wó igi ní tòótọ́? Ìjì ńlá kan jà ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní òru ọjọ́ 15 mọ́jú ọjọ́ 16 oṣù Ọ̀któbà ọdún 1987. A ṣírò rẹ̀ pé mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún igi ni ó wó, ènìyàn 18 sì kú. Àwọn tí ó wádìí rẹ̀ rí i pé ohun méjì ni ó ran ìjì náà lọ́wọ́. Àwọn igi kò tí ì wọ́wé, nítorí náà ẹ̀fúùfù rí ohun tí yóò dì mú. Òjò sì ti rin ilẹ̀ gbingbin, gbòǹgbò kò lè di ilẹ̀ mú mọ́. Igi ti àwa ń gbé ewé rẹ̀ púpọ̀ jùlọ ní gbogbo ọdún. Ìjì oṣù Máàṣì ń bá ẹ̀ka tí ọyẹ́ àti ọ̀gbẹlẹ̀ ti gbẹ, ó ń ṣẹ́ ẹ. Ìjì oṣù Ọ̀któbà ń bá ilẹ̀ tí omi ti kún, ó ń hú ti gbòǹgbò-ti gbòǹgbò. Ó yẹ, nígbà náà, kí a wo orí igi kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí a sì tún wo ìdí rẹ̀ nígbà ìdáwọ́dúró òjò ní oṣù Ógọ́ọ̀sì. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ẹni tí yóò wo igi, kí ó kọ́kọ́ jìnnà sí i, kí ó sì yí i ká. Igi àgbọn etí ọ̀sà a máa tẹ̀ sí ojú omi láti kékeré, orí rẹ̀ a sì tún nàró sókè. Ìyẹn kì í ṣe àrùn. Igi tí a gbọ́dọ̀ bẹ̀rù ni èyí tí ó nàró ní èṣí tí ó sì tẹ̀ ní ọdún yìí. Kí ó sún mọ́ ìdí rẹ̀ nígbà náà. Bí ilẹ̀ bá sán ní ìhà kejì ibi tí igi tẹ̀ sí, tàbí bí ilẹ̀ bá wú sókè níbẹ̀, gbòǹgbò ti ń tú nìyẹn. Kí ó bèèrè bóyá a ti gbẹ́ kòtò àgbàrá, tàbí ìpìlẹ̀ ọgbà, tàbí ihò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí ìtòsí rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ gbòǹgbò igi kò jìn sí ojú ilẹ̀; wọ́n ń tẹ́ lọ jìnnà ju òjìji ewé rẹ̀ lọ. Ní etí ọ̀sà tiwa yìí, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ yanrìn tí omi kò sì jìn, wọn kò tilẹ̀ ní ibi tí wọn yóò jìn dé.

Olú tí ó bá hù ní ìdí igi tàbí ní ara rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ó ń sọ fún wa pé inú igi ń jẹrà. Kí a fi ẹ̀hìn àdá lu ara igi náà yíká: igi tí ó le yóò dún kì, èyí tí inú rẹ̀ ti ṣófo yóò dún gbùù bí ìlù. Kí a wo ibi tí ikán ti mọ ilẹ̀ gòkè, àti ibi tí igi pín sí méjì. Bí ẹ̀ka méjì bá ya gbàgà sí ara wọn, wọ́n lágbára. Bí wọ́n bá fún mọ́ ara wọn tí èèpo sì há sí àárín wọn, ibẹ̀ ni yóò ya sí. Lókè, kí a wá ẹ̀ka tí kò ní ewé nígbà tí àwọn yòókù ní, ẹ̀ka tí ó ti ṣẹ́ tí ó sì há sí orí èkejì rẹ̀, àti àfòmọ́, ẹni tí kò ní gbòǹgbò tí ó ń bá gbogbo igi tan, tí ó ń mu omi ẹ̀ka tí ó sì ń dì kún ẹrù rẹ̀. Níkẹhìn, kí a wo ohun tí ó wà lábẹ́. Igi kíkú ní àárín oko kò ní ẹni tí yóò pa. Igi kan náà lórí yàrá, lórí ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń gbà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà iná, ọ̀ràn ni.

Kí a tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí a sọ ti àgbàlá tiwa, nítorí àwọn òǹkàwé wa lè wí pé ẹnu dùn ún ro ẹ̀fọ́. Máńgòrò kan wà ní ìlà-oòrùn ilé wa, èyí tí ìyá wa tí ó ti sùn nínú Olúwa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Abẹ́ rẹ̀ ni ìdílé wa ti ń ṣe àdúrà ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ooru bá pọ̀. Yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn ni ẹ̀ka rẹ̀ tí ó tóbi jùlọ nà lé lórí. Nígbà ọyẹ́ kan, bí a ti ń yẹ̀ ẹ́ wò gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, a rí olú ní ìdí rẹ̀, ní ìhà ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ kan ti gbẹ́ kòtò àgbàrá kọjá ní ọdún mélòó kan sẹ́hìn. A fi àdá lù ú, ó dún gbùù. A pe gégigégi àgbàlagbà kan tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Òun náà yí i ká, ó mi orí, ó ní a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí òjò bá a lórí ìdúró.

Ọ̀rọ̀ náà dá ìyapa sílẹ̀ nínú ẹbí. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin kò fẹ́ gbọ́ rárá. Ó ní aṣọ ìyá wa ti gbó, ilé rẹ̀ àtijọ́ ti wó, igi yìí nìkan ni ó kù tí ọwọ́ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá gé e, bí ẹni pé ó tún ìyá wa sin lẹ́ẹ̀kejì ni. A kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò wọ̀ wá lára. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi wo ojú ara wa láìsọ̀rọ̀ tí ó gún. Níkẹhìn ni a lọ sí ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá wa, ẹni tí ó ti dàgbà púpọ̀. Ó fetí sí tọ̀tún tòsì, ó sì wí pé: “Ẹ̀yin ọmọ mi, nítorí ọmọ ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe gbin igi, kò bí ọmọ nítorí igi.” Ẹ̀gbọ́n wa dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní kí a lọ pe gégigégi náà.

A gba ìyọ̀ǹda, a sì gé e. Okùn ni wọ́n fi ń sọ ẹ̀ka kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè wá, títí ó fi ku ìtì. Nígbà tí ìtì náà dùbúlẹ̀, gbogbo wa rí i pé àárín rẹ̀ ti di lẹ́búlẹ́bú. Ìhà kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ ní nínípọn ni ó ń gbé gbogbo ẹrù náà. A kò yọ̀. Ilé ìdáná wa gbóná ju ti àtẹ̀hìnwá lọ, àwọn ọmọ sì ń wá òjìji kiri. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjì àkọ́kọ́ ọdún náà dé ní òru, a dìde, a tan iná, a wo àwọn ọmọ níbi tí wọ́n gbé ń sùn, a sì padà sùn.

A kò wí pé kí ẹnikẹ́ni mú àáké ti gbogbo igi. Igi ń fọ́ agbára ẹ̀fúùfù kí ó tó dé ara ilé, ó ń di ilẹ̀ mú kí àgbàrá má ba à gbé e lọ, ó sì ń tu ilé lára. Olùtọ́jú ọgbà tí Olúwa wa fi pa òwe nínú Ìhìnrere Lúùkù orí 13 bẹ̀bẹ̀ fún igi ọ̀pọ̀tọ́ pé kí a fún un ní ọdún kan sí i, kí òun walẹ̀ yí i ká kí òun sì bu ìlẹ̀dú sí i. Ọ̀pọ̀ igi ni ìtọ́jú díẹ̀ tó fún: kí a gé ẹ̀ka kíkú, kí a yọ àfòmọ́, kí a já àgbọn tí ó gbó kí ó tó já lu ènìyàn. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe bẹ́ orí igi dànù, nítorí ọ̀mùnú tí ó bá rú láti ojú egbò náà kì í fi bẹ́ẹ̀ di ara igi mú, omi a sì gba ojú egbò wọ inú rẹ̀. Bí a bá bẹ́ orí àgbọn tàbí ọ̀pẹ, a pa á nìyẹn. Kí a má sì ṣe dá iná ìdọ̀tí sí ìdí igi, tàbí kí a bó èèpo rẹ̀ yíká kí ó lè kú lórí ìdúró. Igi tí a pa báyìí tí a sì fi sílẹ̀ a máa dúró de ìjì, kò sì sí ẹni tí ó mọ orí ẹni tí yóò wó lé.

Ní ti òfin, kí ẹni tí yóò gé igi ní Ìpínlẹ̀ Èkó kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ LASPARK, àjọ ìjọba tí ń bójútó ọgbà àti igi. Kí ẹni tí ó bá gé ọ̀kan gbin òmíràn, kí ó sì jìnnà sí ilé tó bí igi náà yóò ti ga tó. Ọjọ́ 14 oṣù Júláì, tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti yà sọ́tọ̀ fún igi gbíngbìn láti ọdún 2008, bọ́ sí àkókò tí ilẹ̀ tutù dáradára. Igi tí ó bá kan wáyà iná, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gùn ún. Kí a sọ fún ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná kí wọ́n pa á ná. Bí igi bá sì ti wó lu ilé tàbí ènìyàn, nọ́ńbà 767 tàbí 112 ni kí a pè. Nígbà tí a bá ń dúró de ìrànlọ́wọ́, kí a rántí pé bí igi bá wó lu igi, ti òkè ni a ń kọ́kọ́ gé. Ẹni tí ó bá gé ti ìsàlẹ̀ ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu.

Ọ̀rọ̀ aládùúgbò ni ó kù. Nínú Deutarónómì 22:8, a pàṣẹ fún ẹni tí ó bá kọ́ ilé tuntun pé kí ó ṣe ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ ṣubú má ba à wá sórí ilé rẹ̀. Àwa kì í jókòó lórí òrùlé, ṣùgbọ́n igi wa tí ó tẹ̀ sórí ilé ẹlòmíràn, òrùlé tí kò ní ìgbátí ni. Bí ó bá jẹ́ pé ti aládùúgbò ni ó tẹ̀ sórí tiwa, kí a lọ bá a ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tútù, kí a mú un wá wo ohun tí a rí, kí a sì jọ dá owó gégigégi. Opó àti arúgbó tí kò ní agbára owó wà láàrin wa. Iṣẹ́ tí ó yẹ ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ìjọ ni láti yí àgbàlá wọn ká kí òjò tó dé.

Nígbà tí igi bá sì ti wó tí ó sì ti ṣe ìpalára, kí a má ṣe jẹ́ ẹni tí yóò máa bèèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí onílé náà dá, tàbí àjẹ́ tí ó rán ìjì sí i. Nínú orí kan náà ti Lúùkù, Olúwa wa rántí àwọn méjìdínlógún tí ilé-ìṣọ́ Sílóámù wó pa, ó sì sọ gbangba pé wọn kì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Kí a gbé ẹni tí ó ṣubú dìde, kí a sì lọ wo ìdí igi tiwa.

A bẹ gbogbo olórí ilé pé kí wọ́n fi òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Jánúárì fún iṣẹ́ yìí, kí wọ́n sì mú àwọn ọmọ wọn dání, kí ojú àwọn náà lè mọ̀ ọ́n. Kí Ẹni tí ó dá igi àti ẹ̀fúùfù ṣọ́ ilé gbogbo wa ní òru ìjì. Àmín.